Ẹ fi kátíríìjì kan bẹ̀rẹ̀: bí wọ́n ṣe ń ya sinimá sórí fíìmù gidi

Nígbà tí mo gbé kámẹ́rà Super 8, kámẹ́rà kékeré tó ń ya sinimá sórí fíìmù, lọ sílé l'Ábẹ́òkúta fún ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún màmá àgbà, gbogbo èèyàn ló ń bi mí pé kí lohun tó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lọ́wọ́ mi yẹn, àwọn ọmọ kékeré sì ń yí mi po, wọ́n fẹ́ wo àwòrán ara wọn lẹ́yìn ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, mo ní kò sí o, ó di bí oṣù kan àbọ̀. Ìgbà tó wá dé tí mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí, bùrọ̀dá mi àgbà pè mí láti Ìbàdàn, wọ́n ní àwọn ti wò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Látìgbà yẹn làwọn ọ̀rẹ́ àtàwọn àbúrò ti ń bi mí bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀, irú kámẹ́rà wo, fíìmù wo, níbo ni wọ́n ti ń fọ̀ ọ́. Mo kúkú wá kọ ọ́ síbí kẹ́ni tó bá fẹ́ lè rí i kà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ra wa yé. Láyé ìsinyìí, téèyàn bá ti sọ pé "fíìmù", eré tí wọ́n ń wò lórí YouTube ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Èyí tí mò ń sọ níbí ni ọ̀já gbọọrọ yẹn gan-an, èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà pa lára, tí ihò wẹ́wẹ́ wà létí ẹ̀ tí kámẹ́rà fi ń fà á, tó jẹ́ pé tí ìmọ́lẹ̀ bá ti kàn án pẹ́nrẹ́n ó ti yí padà nìyẹn. Òun náà ni Ògúndé, Adé Love àti Bàbá Sàlá fi ya sinimá wọn níparí 1970s àti ìbẹ̀rẹ̀ 1980s, òkè òkun ni wọ́n sì ń gbé e lọ fọ̀, London pàápàá. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986 tí náírà já wálẹ̀, owó fíìmù kọjá agbára, kálukú bá gba orí fídíò lọ. Bá a tún ṣe ń padà fọwọ́ kan án báyìí, inú mi ń dùn sí i gan-an, mi ò lè purọ́.

Super 8 ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kodak ló gbé e jáde ní 1965 fáwọn bàbá àti ìyá tó fẹ́ ya ọmọ wọn nílé, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe kó fíìmù ẹ̀ sínú kátíríìjì oníke, ẹ ò ní fọwọ́ kan fíìmù náà rárá, ẹ kàn ṣílẹ̀kùn kámẹ́rà, ẹ tì í wọlé bíi káséètì, ẹ pa á dé, ó parí. Ẹsẹ̀ bàtà 50 ló wà nínú kátíríìjì kan, bíi mítà 15, àwòrán 3,600. Tẹ́ ẹ bá ń ya àwòrán 24 ní sẹ́kọ́ńdì kan, ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ló máa gbé. Tó bá jẹ́ 18 ni, ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ogún sẹ́kọ́ńdì. Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti tẹ fóònù kó máa yà lọ fún wákàtí kan, ibí yìí ló ti máa kọ́kọ́ ṣòro fún un.

Irú fíìmù mìíràn, 16mm, dáa jù ú lọ lójú, àwòrán ẹ̀ tóbi, ó sì mọ́. Òun ni wọ́n fi ya sinimá Eyimofe l'Ékòó, èyí tó jáde ní 2020, ẹ wò ó kẹ́ ẹ rí bí àwọ̀ Èkó ṣe rí lórí fíìmù. Ṣùgbọ́n rìílù ẹsẹ̀ bàtà 100, ìṣẹ́jú méjì àti sẹ́kọ́ńdì 46 péré ni ní 24, owó ẹ̀ ju ti Super 8 lọ, ọwọ́ ara yín lẹ sì máa fi wé fíìmù náà mọ́ inú kámẹ́rà, níbi òjìji, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa bà á jẹ́. Tó bá yá tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ síbẹ̀, Bolex H16 láti Switzerland àti K-3 ti àwọn Rọ́ṣíà lọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́ ọ, kò sí bátìrì tó ń wa ẹ́ńjìnnì wọn, ọwọ́ lẹ fi ń yí i bí aago àtijọ́, Bolex á sáré fún bíi sẹ́kọ́ńdì 28 kẹ́ ẹ tó tún un yí.

Ẹ ṣọ́ra fún "8mm" táwọn tó ń tà á máa ń kọ o. Regular 8 wà láti 1932, fíìmù ẹ̀ àti ti Super 8 ò lè wọ inú kámẹ́rà ara wọn. Video8 àti Hi8 tún wà, ìyẹn kì í tiẹ̀ ṣe fíìmù, téèpù fídíò ni. Àbúrò mi kan ti sanwó Hi8 kó tó pè mí. Kẹ́ ẹ rí "Super 8" lára kámẹ́rà yẹn gan-an, nínú fọ́tò tí wọ́n gbé síbẹ̀, kẹ́ ẹ tó yọ owó.

Kámẹ́rà rírà

Púpọ̀ nínú wọn, láàárín 1965 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1980s ni wọ́n ti ṣe wọ́n, arúgbó lẹ ń rà, ẹ yẹ ara ẹ̀ wò dáadáa. Ẹni tó ta àkọ́kọ́ fún mi ní ó ń ṣiṣẹ́, òótọ́ ni, ó ń dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú lẹ́ńsì ẹ̀ ti há, kì í ṣí, odindi kátíríìjì kan tí mo fi yà ní Ọjà Kútọ̀ jáde dúdú látòkè délẹ̀. Ó dùn mí wọra. Látìgbà náà mi ò kì í ra èyí tí mi ò bá tíì ṣe àyẹ̀wò yìí fún tàbí kẹ́ni tó ń tà á ṣe é sínú fídíò fún mi.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí ibi bátìrì. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ti dógùn-ún, tí nǹkan funfun tàbí aláwọ̀ ewé ti wà lára irin ẹ̀, tó bá ṣe díẹ̀, fíníga díẹ̀ lórí òwú máa ń yọ ọ́, tó bá ti pọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ki bátìrì AA tuntun sí i, mẹ́rin tàbí mẹ́fà lọ̀pọ̀ wọn ń lò, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì, kẹ́ ẹ fetí sí i: kó dún geere láìdúró, láìfà, bíi máṣíìnì ìránṣọ tó lọ́ọ́lì lára. Ẹ wá ṣílẹ̀kùn ẹ̀ nígbà tí kò sí fíìmù níbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ wo inú ihò kékeré tí fíìmù máa ń gbà kọjá, gétì là ń pè é, ẹ máa rí ìmọ́lẹ̀ tó ń ṣẹ́jú wá láti iwájú. Lẹ́yìn náà ẹ dojú lẹ́ńsì kọ fèrèsé, ẹ tún dojú ẹ̀ kọ kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn, abẹ́rẹ́ kékeré tó wà nínú ibi tẹ́ ẹ ń yọjú wò gbọ́dọ̀ rìn. Tí kò bá rìn, mítà ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀, ti kú nìyẹn tàbí kó jẹ́ pé bátìrì mìíràn ló ń lò fún mítà. Àwọn kan ń lo bátìrì kékeré PX625 tó ní mercury, wọn ò ṣe ìyẹn mọ́, bátìrì zinc-air táwọn tó ń lo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn ń fi sétí ni wọ́n fi ń rọ́pò ẹ̀. Ìkẹyìn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù gba inú lẹ́ńsì. Tẹ́ ẹ bá rí ohun tó dà bí òwú aláǹtakùn níbẹ̀, ọ̀rinrin ló fà á, ó máa ń pọ̀ nínú kámẹ́rà tó ti pẹ́ níbi tí ooru òun òjò wà bíi tiwa, ẹ má rà á.

Èyí tí mò ń lò báyìí ni Canon 514XL, mo sì lè gba ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó wá a, kò wúwo, lẹ́ńsì ẹ̀ ń ṣí dé f/1.4 (bí nọ́ńbà f bá ṣe kéré tó ni lẹ́ńsì ṣe ń ṣí tó), ibi tí iná ò pọ̀ náà ó ń gbìyànjú. Canon 814, Nikon R8, Nikon R10 àtàwọn Braun Nizo dáa, wọ́n kàn wọ́n jù ú lọ ni.

Fíìmù wo?

Lára páálí fíìmù Kodak, ẹ máa rí nọ́ńbà àti lẹ́tà: 50D, 200T, 500T. Nọ́ńbà yẹn ni bó ṣe ń yára mú ìmọ́lẹ̀ sí, D jẹ́ ti oòrùn, T jẹ́ ti iná gílóòbù aláwọ̀ pupa rúsúrúsú inú ilé. Fún ìta gbangba nílẹ̀ wa, 50D. Òòrùn wa lágbára, ní ọ̀sán gangan 50D pẹ̀lú àwòrán 24 ní sẹ́kọ́ńdì kan máa fẹ́ f/16, bẹ́ẹ̀ sì rèé àwọn lẹ́ńsì yìí ò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé 500T síta nínú oòrùn yẹn láìfi gíláàsì dúdú, ìyẹn ND, bojú lẹ́ńsì, ìmọ́lẹ̀ máa fi ju stọ́ọ̀pù mẹ́ta lọ kọjá bó ṣe yẹ, stọ́ọ̀pù kan ni kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí ìdajì. 500T, inú ilé àti alẹ́ ló wà fún. 200T ni mo máa ń mú tí mi ò bá mọ ibi tí ọjọ́ máa gbé mi gbà. Tri-X náà wà, dúdú òun funfun, òun jẹ́ rífásà, ìyẹn ni pé tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, àwòrán gidi lẹ máa rí lára fíìmù náà, ẹ lè fi pùrójẹ́tọ̀ wò ó sára ògiri, ṣùgbọ́n kì í dárí àṣìṣe ji èèyàn bíi nẹ́gétíìfù, ìyẹn irú 50D, 200T àti 500T tí àwọ̀ ara wọn máa ń jáde lódìkejì.

Nǹkan kan wà níbí tó ti kó ọ̀pọ̀ èèyàn sí wàhálà. Wọ́n ṣe kámẹ́rà Super 8 fún fíìmù T, ni wọ́n bá fi gíláàsì ọsàn kan sínú ẹ̀, fíítà 85, tó máa ń tún àwọ̀ ṣe tẹ́ ẹ bá gbé T síta nínú oòrùn. Tó bá jẹ́ 50D lẹ fi sí i, ẹ rí i pé ẹ yọ fíítà yẹn kúrò lọ́nà, bọ́tìnnì kan wà tí wọ́n ya òòrùn àti gílóòbù sí, ẹ yí i sí gílóòbù bó tiẹ̀ jẹ́ pé inú oòrùn lẹ wà. Tẹ́ ẹ ò bá yọ ọ́, gbogbo àwòrán máa pọ́n bí epo. Ẹ̀kejì ni pé ọ̀pọ̀ kámẹ́rà yìí, fíìmù 40 àti 160 nìkan ni mítà wọn mọ̀. 200T tẹ́ ẹ fi sí i, á kà á sí 160, kò burú, ìmọ́lẹ̀ á fi díẹ̀ pọ̀ sí i, nẹ́gétíìfù fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Ẹ wá bí kámẹ́rà yín ṣe ń ka èyí tẹ́ ẹ fẹ́ rà kẹ́ ẹ tó rà á.

Àwọ̀ wa àti ìmọ́lẹ̀

Ibí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ sí jù. Mítà inú kámẹ́rà ò mọ̀ pé èèyàn lẹ ń yà. Gbogbo ohun tó wà níwájú ẹ̀ ló máa ń kó pọ̀, tí á sì fẹ́ kó rí bí eérú, kò dúdú kò funfun. Ẹ wá gbé màmá kan tó wọ léèsì funfun dúró síwájú ògiri funfun nínú oòrùn, mítà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á ti lẹ́ńsì, léèsì á jáde dáadáa, ojú màmá á di òkùnkùn, ẹ ò ní rí ẹ̀rín ẹ̀ mọ́. Mélòó mélòó nínú fọ́tò àtijọ́ ilé wa ni kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹjọ́ àwọ̀ wa, ẹni tó wọn ìmọ́lẹ̀ ni kò wọ̀n ọ́n sójú èèyàn.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí. Tí kámẹ́rà yín bá ní bọ́tìnnì tó ń dá ojú lẹ́ńsì dúró síbi tó ṣí dé, ẹ súùmù wọ ojú ẹni náà títí ojú á fi kún gbogbo ibẹ̀, ẹ tẹ bọ́tìnnì náà, ẹ wá súùmù padà síta kẹ́ ẹ tó yà. Mítà á kà ojú dúdú, á ṣí lẹ́ńsì sí i, ògiri ẹ̀yìn lè funfun jù díẹ̀, nẹ́gétíìfù á gbé e, kò sí wàhálà, tó bá jẹ́ rífásà ni kẹ́ ẹ tún tì í padà bíi stọ́ọ̀pù kan. Tí kámẹ́rà ò bá ní irú bọ́tìnnì yẹn ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé ẹ lè fọwọ́ yí lẹ́ńsì, ẹ fi láìtì mítà orí fóònù ka àtẹ́lẹwọ́ yín níbi tí ẹni náà dúró sí, àtẹ́lẹwọ́ gbogbo wa fẹ́ẹ̀ jọra, dúdú ni àbí pupa, ẹ wá ṣí lẹ́ńsì ní stọ́ọ̀pù kan ju ohun tó sọ lọ. Tó bá sọ f/8, ẹ fi sí f/5.6. Lórí nẹ́gétíìfù, tẹ́ ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pọ̀, ibi tó mọ́lẹ̀ jù ṣì ṣe é gbà padà nígbà skáànì, ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń sọ fíìmù di fáìlì kọ̀ǹpútà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò dé rárá, kò sóhun tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i.

Ẹ yẹra fún ọ̀sán gangan tẹ́ ẹ bá lè yẹra, oòrùn orí máa ń ju òjìji sínú ojú, gèlè náà á tún ju tiẹ̀ sí i. Kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, tàbí lẹ́yìn aago mẹ́rin, ìgbà yẹn làwọ̀ wa máa ń dán lórí fíìmù.

Ọjọ́ tẹ́ ẹ máa yà

Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yà sínú ìwé ní alẹ́ àná ẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì àbọ̀, tẹ́ ẹ bá fi sẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ mẹ́jọ pín in, nǹkan bíi méjìdínlógún lẹ máa rí yà. Fún màmá àgbà mo kọ: ọwọ́ tó ń so gèlè, ọbẹ̀ tó ń hó nínú ìkòkò, ẹnu ọ̀nà táwọn èèyàn ń gbà wọlé, ọmọ tó ń sùn léjìká ìyá ẹ̀ láàárín ariwo. Ẹ dúró, ẹ wò ó dáadáa, ẹ jẹ́ kí nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ yà ti fẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ka ẹní, èjì, ẹ̀ta dé ẹ̀jọ sínú, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má máa súùmù bọ̀ súùmù lọ nígbà tó ń yà. Ẹ wá tráípọ́ọ̀dù, tí kò bá sí, ẹ fara ti ògiri kẹ́ ẹ ki ìgúnpá mọ́ ẹ̀gbẹ́, Super 8 kéré, ìwọ̀nba gbígbọ̀n ọwọ́ ló ń di ńlá lójú tẹlifíṣọ̀n.

Fókọ́ọ̀sì ńkọ́? Kẹ́ ẹ tó jáde nílé rárá, ẹ yí lẹ́ńsì sí ibi tó jìnnà jù, ẹ súùmù sí ohun kan lọ́ọ̀ọ́kán, òpó iná tàbí òkè, ẹ wá máa yí òrùka ibi tẹ́ ẹ ń fojú sí títí á fi mọ́ kedere fún ojú tiyín. Ẹ̀ẹ̀kan ni. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà, ẹ súùmù wọlé dé ìdí, ẹ fókọ́ọ̀sì sẹ́yinjú ẹni náà, ẹ súùmù padà.

Ohùn kò sí lára ẹ̀, Kodak ti dá kátíríìjì olóhùn dúró láti 1997. Ẹ fi fóònù gba ohùn lọ́tọ̀, ẹ gbé e jìnnà sí kámẹ́rà torí ariwo ẹ̀, ẹ gba ìlù, ẹ gba oríkì, ẹ gba ìró ọbẹ̀. Kò ní bá ẹnu ẹni tó ń sọ̀rọ̀ mu déédéé torí eré ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò dúró sójú kan, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ sábẹ́ àwòrán lẹ́yìn, ó máa ń wọ̀ ọ́. Oríkì tí àǹtí mi kì lọ́jọ́ náà, orí àwòrán ọwọ́ màmá ni mo tẹ́ ẹ sí.

Ẹ má ṣílẹ̀kùn kámẹ́rà láti yọjú wò ó. Tó bá ṣèèṣì ṣí, èyí tó wà nínú gétì nìkan ló máa bàjẹ́ nínú àwòrán, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ń ka iye tó kù á padà sí òdo, ẹ yáa kọ ibi tó dé sílẹ̀. Tó bá tán pátápátá tẹ́ ẹ sì yọ ọ́, ẹ máa rí "EXPOSED" lára fíìmù tó yọ síta. Láàárín kátíríìjì kan sí èkejì ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì múlọ́múlọ́ gbá inú gétì, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹ má fi irin kàn án láé.

Títọ́jú ẹ̀ àti fífọ̀ ọ́

Ooru ni ọ̀tá ẹ̀. Inú fíríìjì ni kẹ́ ẹ kó èyí tẹ́ ẹ ò tíì lò sí, nínú ọ̀rá tó dé dáadáa, kẹ́ ẹ yọ ọ́ síta ní wákàtí díẹ̀ ṣáájú kí omi má bàa mú un nígbà tẹ́ ẹ bá ṣí i. Inú ọkọ̀ tó dúró sínú oòrùn kọ́ ni ibi ìdúró ẹ̀, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó. Tẹ́ ẹ bá ń wọ bàálù, ẹ má kó o sínú báàgì tó ń lọ sábẹ́, ẹ̀rọ X-ray ibẹ̀ á bà á jẹ́. Ẹ̀rọ CT tuntun tí wọ́n fi ń yẹ báàgì ọwọ́ wò náà ń bà á jẹ́. Ẹ kó o sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ bẹ àwọn ẹ̀ṣọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ẹ jọ̀ọ́ sà, fíìmù tí wọn ò tíì fọ̀ ni, ẹ bá mi fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò." Ẹ tètè dé pápákọ̀ torí ẹ̀.

Ẹ má gbé e fún fọ́tò láàbù àdúgbò. C-41 ni wọ́n fi ń fọ fíìmù fọ́tò, fíìmù sinimá aláwọ̀ bíi 50D àti 500T, ECN-2 ni tiwọn, kẹ́míkà ẹ̀ yàtọ̀. Èmi, London ni mò ń gbé e lọ, torí ibẹ̀ ni mò ń gbé. Láàbù Cinelab wà lápá ibẹ̀, Andec wà ní Berlin, tí ìbátan yín bá wà l'Ámẹ́ríkà Pro8mm wà ní California. Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ kó kátíríìjì bíi mẹ́ta mẹ́rin jọ kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ kí owó ìfiránṣẹ́ lè fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́ ju oṣù mélòó kan lọ lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti yà á. Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ máa sanwó, ìgbà tẹ́ ẹ ra fíìmù, ìgbà tí wọ́n fọ̀ ọ́, ìgbà tí wọ́n skáàn án, ẹ ṣírò gbogbo ẹ̀ pọ̀ kẹ́ ẹ tó ra nǹkan kan. Ẹ sọ fún wọn pé skáànì 2K, ìyẹn bí àwòrán ṣe máa tóbi sí, tó fún yín, kí wọ́n fi sí irú fáìlì fídíò tó ń jẹ́ ProRes, kí wọ́n má tún àwọ̀ ẹ̀ ṣe jù kẹ́ ẹ lè fọwọ́ ara yín tún un ṣe. Kẹ́ ẹ sì gba fíìmù yín padà lọ́wọ́ wọn, ẹ má jẹ́ kó sùn síbẹ̀, ẹ kọ ọjọ́, ibi àti orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ sára agolo ẹ̀.

Tí fáìlì bá ti dé, ẹ jókòó tì í pẹ̀lú ìwé tẹ́ ẹ kọ yẹn, ẹ máa wò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀: èyí ṣókùnkùn, èyí gbọ̀n, èyí mo tètè fi bọ́tìnnì sílẹ̀. Kátíríìjì kejì, ẹ gbé e padà lọ síbi tẹ́ ẹ ti ya àkọ́kọ́, ní àkókò kan náà, kẹ́ ẹ tún àwọn yẹn yà.